Àrà Inú Ìkòkò Aró: Bí Ọjà Tuntun Ṣe Ń Dé Orí Àtẹ

Kókó ìjíròrò alẹ́ òní ni ohun tí àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ń pè ní ìpèsè ọjà tuntun, èyíinì ni ọ̀nà tí ohun tí kò sí lórí àtẹ lánàá fi ń di ohun tí tọkùnrin tobìnrin ń ná lọ́jà lónìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ń ka ìwé lórí rẹ̀, ni ó gbà pé ọ̀rọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá òkè òkun ni, pé kò kan obìnrin tí ó jókòó ti ìkòkò aró ní Abẹ́òkúta. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ẹni tí ó bá ń wá ibi tí ohun tí àwọn ìwé wọ̀nyí ń sọ ti ṣẹlẹ̀ lójú ayé, tí èrè àti àdánù rẹ̀ sì hàn kedere, kò níláti rìn jìnnà. Aṣọ adìrẹ ni ẹ̀rí.

Kí ọ̀rọ̀ tó dé orí aṣọ, ó yẹ kí á kọ́kọ́ yẹ èdè wò, nítorí pé èdè Yorùbá ti la ọ̀nà tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí kí àwọn òǹkọ̀wé ètò ọrọ̀-ajé tó dé. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni àwọn ènìyàn máa ń lò bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Àwárí ni rírí ohun tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ tí ojú kò tó. Ẹni tí ó kọ́kọ́ mọ̀ pé aró wà nínú ewé èlú, àwárí ni ó ṣe. Ìhùmọ̀ ni ọgbọ́n tí ènìyàn ta láti fi yanjú ìṣòro. Ẹni tí ó kọ́kọ́ dá ìdí ìkòkò lu, tí ó kó eérú sínú rẹ̀, tí ó sì da omi lé e kí ó máa ro sínú ìkòkò mìíràn nísàlẹ̀, ìhùmọ̀ ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àrà yàtọ̀ sí méjèèjì. A kì í dá àrà nínú òkùnkùn. Onílù tí ó dá àrà ní iyàrá tí ó tilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ kò tíì dá a. Ìgbà tí ó bá dé agbo, tí ẹsẹ̀ oníjó yí padà nítorí ọwọ́ rẹ̀, ni àrà tó di àrà. Òwe sọ pé àrà tí ó bá wuni ni à ń fi ìmọ̀lẹ̀ ẹni dá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ jẹun nídìí àrà gbọ́dọ̀ dá èyí tí yóò wu ẹlòmíràn pẹ̀lú.

Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni Joseph Schumpeter, ọmọ ilẹ̀ Austria, fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú ìwé tí ó gbé jáde ní 1911 lórí ìdàgbàsókè ètò ọrọ̀-ajé. Ó ní ẹni tí ó hùmọ̀ nǹkan àti ẹni tí ó sọ ọ́ di ọjà lè ṣàì jẹ́ ẹnì kan náà, àti pé iṣẹ́ ẹnì kejì yìí ni ó ń yí ọrọ̀-ajé padà. Ọ̀nà márùn-ún ni ó rí tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń gbà wáyé: kí ọjà fúnra rẹ̀ jẹ́ tuntun; kí ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é jẹ́ tuntun; kí á rí ibòmíràn tí a ó ti tà á; kí á rí ibòmíràn tí ohun èlò rẹ̀ yóò ti máa wá; tàbí kí á tún iṣẹ́ náà pín láàárín àwọn tí ń ṣe é. Bí a bá fi ojú márùn-ún yìí wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí aró ní Abẹ́òkúta láti apá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún títí di àwọn ọdún 1930, gbogbo wọn ni a ó bá níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn tí ó ṣe é kò gbọ́ orúkọ Schumpeter rí.

Kí adìrẹ tó gbòde, iṣẹ́ ẹlòmíràn ni aláró ń bá parí. Obìnrin kan hun kíjìpá rẹ̀, ó gbé e wá kí wọ́n pa á láró. Òmíràn gbé aṣọ tí ó ti ṣá wá kí wọ́n tún un pa kí ó lè padà bọ̀ sípò. Owó iṣẹ́ ni aláró ń gbà, kò ní ọjà tirẹ̀ lórí àtẹ. Ọgbọ́n dídì àti rírán aṣọ kí aró má baà dé ibì kan lára rẹ̀ ti wà. Òun ni orúkọ náà ń sọ, ohun tí a dì kí a tó rẹ ẹ́. Ní Kẹ́mta, ìdílé Jójọlá ni wọ́n máa ń dárúkọ bí a bá ń wá ìbẹ̀rẹ̀ adìrẹ ní Abẹ́òkúta, Jójọlá tí ó jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá lẹ́yìn Ẹfúnróyè Tinúbú.

Nígbà náà ni tẹ́rù dé, aṣọ funfun tí ẹ̀rọ hun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ilé-iṣẹ́ oníṣòwò aláwọ̀ funfun ń kó wá sí Èkó, tí ó sì ń dé Abẹ́òkúta. Ohun tí àwọn ìwé ìtàn máa ń tẹnu mọ́ ni pé aṣọ òkèèrè pa ọjà àwọn ahunṣọ lára, ó sì pa á lára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn aláró wo aṣọ kan náà, wọn kò rí ọ̀tá nínú rẹ̀. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ojú rẹ̀ dọ́gba, tí ó fẹ̀ ju ti òfì lọ, tí a lè rà ní igàn, tí a kò níláti dúró de ahunṣọ kankan kí á tó rí i: ohun èlò ni èyí jẹ́ lójú wọn. Láti ọjọ́ tí aláró ti fi owó ara rẹ̀ ra tẹ́rù, tí ó ṣe ọnà sí i, tí ó sì gbé e lọ sọ́jà fúnra rẹ̀, kì í ṣe aláró nìkan ni ó jẹ́ mọ́. Ó ti di olówò tí ó fi owó sínú ewu. Èyí ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọkàn sí, nítorí pé àwọn ènìyàn máa ń wá ohun tuntun nínú ọgbọ́n ọwọ́ nìkan, nígbà tí ó jẹ́ pé ohun tí ó yí padà jù lọ nínú iṣẹ́ yìí ni ẹni tí ó ni ọjà.

Adìrẹ oníko àti adìrẹ alábẹ́rẹ́ ni ó kọ́kọ́ gba ojú tẹ́rù. Ìko ni wọ́n fi ń di ti àkọ́kọ́, abẹ́rẹ́ àti òwú ni wọ́n fi ń rán ti èkejì. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ a máa gba ọjọ́ púpọ̀, títú rán-ún-rán náà lẹ́yìn aró sì jẹ́ iṣẹ́ lọ́tọ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ ìránṣọ wọ ìlú, àwọn ọkùnrin tí ó ní in bẹ̀rẹ̀ sí bá àwọn obìnrin rán ilà sára aṣọ, ohun tí ọwọ́ ń fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ ṣe sì di ohun tí a lè ṣe láàárín ìṣẹ́jú. Ìlà tí ẹ̀rọ rán kò ní ẹwà ti ọwọ́, kí á má purọ́, ṣùgbọ́n ó mú kí ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ra alábẹ́rẹ́ rí nǹkan rà.

Èyí tí ó jinlẹ̀ jù lọ ni adìrẹ ẹlẹ́kọ, tí ó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Dípò kí á di aṣọ tàbí kí á rán an, ẹ̀kọ ni a fi ya ọnà sí i. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kì í mú un. Ó rọrùn láti sọ, kò rọrùn láti ṣe. Ẹ̀kọ náà gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ aṣọ kí ó má ṣí nínú aró, síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ ṣeé họ kúrò nígbà tí aró bá gbẹ. Bí ó bá ṣàn jù, ọnà yóò dàrú. Bí ó bá ki jù, yóò sán, aró yóò sì gba ojú sísán rẹ̀ wọlé. Làfún tí a sè pẹ̀lú álọ́ọ̀mù ni wọ́n gúnlẹ̀ sí. Kíjìpá kò lè gba irú iṣẹ́ yìí nítorí pé ojú rẹ̀ rí gbágungbàgun; ojú tẹ́rù tí ó jọ̀lọ̀ ni ó jẹ́ kí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ìyẹ́ adìẹ fà lè dúró. Nípa bẹ́ẹ̀, ohun èlò tuntun ni ó ṣílẹ̀kùn fún ọ̀nà ìṣe tuntun, ọ̀nà ìṣe tuntun sì bí ọjà tí ẹnikẹ́ni kò rí irú rẹ̀ rí. Àwọn ìwé ìgbàlódé máa ń ya àwọn nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹni pé orí ìwé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n. Nínú iṣẹ́ gidi, ọ̀kan ń fa èkejì lọ́wọ́ ni.

Ìdánwò tí ó ń dé bá irú ìhùmọ̀ báyìí tún ní ẹ̀kọ́ kan nínú. Àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ kì í ṣe ohun ńlá. Ègé aṣọ kékeré kan ni, ẹ̀kọ inú àwo kan, àti aró tí ó ti wà nínú ìkòkò fún iṣẹ́ mìíràn. Bí ó bá bàjẹ́, àdánù rẹ̀ kò tó ohun tí ó lè mú ènìyàn jẹ gbèsè. Àwọn ilé-iṣẹ́ ayé òde òní ń san owó ńlá fún àwọn olùdámọ̀ràn kí wọ́n lè kọ́ wọn bí a ti ń ṣe ìdánwò kékeré kí á tó ṣe ti ńlá. Òṣì àti ọgbọ́n ni ó ti kọ́ àwọn aládìrẹ.

Ọ̀nà méjì ni ẹlẹ́kọ tọ̀. Ní Ìbàdàn, ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ń ya á, ọwọ́ obìnrin kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọnà tí wọ́n pè ní Ìbàdàndùn ni ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn, tí ó ní òpó gbọ̀ngàn Mápó nínú, gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929. Ní Abẹ́òkúta, páànù ni wọ́n ń lò. Àwọn ọkùnrin a gé ọnà sára páànù, àwọn obìnrin a gbé e lé tẹ́rù, wọn a sì fi irin pẹlẹbẹ ti ẹ̀kọ gba ojú ihò rẹ̀ kọjá. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà yóò fẹ́ ti Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá ń ronú lórí òwò yóò rí i pé páànù ni ó sọ adìrẹ di iṣẹ́ ńlá, nítorí pé ó jẹ́ kí aṣọ ogún jọ ara wọn bí ìbejì, kí oníbàárà tí ó wà ní ìlú mìíràn lè sọ pé irú ti àná ni òun ń fẹ́, kí ó sì rí irú ti àná gbà.

Páànù sì jẹ́ kí wọ́n tètè dáhùn sí ohun tí ó ń lọ ní ìlú. Nígbà tí Ọba George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí oyè ní 1935, tí àwòrán òun àti Ayaba Mary wà káàkiri, àwọn aládìrẹ gbé àwòrán náà sórí aṣọ, àwọn ènìyàn sì pè é ní Olóba. Ayẹyẹ náà kọjá, ọba náà wàjà ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n ọnà Olóba kò kúrò lọ́jà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ohun tí a ṣe nítorí ìgbà kan ti di ohun tí a fẹ́ràn fún ara rẹ̀.

Ìpín iṣẹ́ náà yí padà. Aládìrẹ ni ẹni tí ó ra aṣọ, tí ó ṣe ọnà sí i, tí ó sì tà á; aláró ni ẹni tí ó ni ìkòkò; agẹ́-páànù wà lọ́tọ̀, oníṣòwò agbedeméjì wà lọ́tọ̀. Àwìn ni ọ̀pọ̀ aládìrẹ ń rà tẹ́rù lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó, èyí tí yóò di ọ̀rọ̀ ńlá láìpẹ́. Ọjà wọn náà sì ti kọjá ilẹ̀ Yorùbá. Ní àwọn ọdún 1920, àwọn oníṣòwò láti Gold Coast àti Senegal ń wá ra adìrẹ ní Abẹ́òkúta.

Kí ni ó mú kí àwọn ènìyàn tètè gba aṣọ yìí? Everett Rogers, onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá ọmọ Amẹ́ríkà tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1962, lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí irú ìbéèrè yìí. Ọmọ àgbẹ̀ ni, ní ìpínlẹ̀ Iowa. Bàbá rẹ̀ kọ̀ láti gbin àgbàdo aládàpọ̀ tí àwọn aládùúgbò ń gbìn, títí ọ̀dá 1936 fi dé, tí tiwọn dúró tí tirẹ̀ sì gbẹ. Rogers ní kì í ṣe pé nǹkan tuntun dára nìkan ni ó ń mú un tàn kálẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ sàn ju ti àtijọ́ lójú ẹni tí yóò lò ó. Ó gbọ́dọ̀ bá ìwà àti ìṣe rẹ̀ mu. Kò gbọdọ̀ ṣòro yé. Ó gbọ́dọ̀ ṣeé tọ́ wò díẹ̀. Èrè rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ hàn sí ojú àwọn ẹlòmíràn. Adìrẹ kò kùnà nínú ọ̀kankan. Àwọ̀ aró ni àwọ̀ tí ojú Yorùbá ti mọ̀ lára ẹtù. Ìró ni a ń ró o, kò sí ẹ̀kọ́ tuntun kankan láti kọ́ kí á tó lò ó. Ọ̀pá márùn-ún tí a gé sí méjì tí a sì rán pọ̀ ni ìró kan, ènìyàn lè ra ẹyọ kan wò. Ní ti ìhàn, kí ni ó hàn ju aṣọ tí obìnrin ró lọ sọ́jà lọ?

Nígbà tí gbogbo èyí ń lọ, ìkòkò aró mìíràn ti ń hó ní ilẹ̀ Jámánì, ìtàn tirẹ̀ sì fi hàn bí ọ̀nà ti jìn tó láàárín ìhùmọ̀ àti ọjà. Ní 1865 ni Adolf Baeyer bẹ̀rẹ̀ sí wá bí a ó ṣe ṣe aró láìsí ewé. Ní 1880 ó rí i ṣe. Àwọn ilé-iṣẹ́ BASF àti Hoechst ra ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ayé sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò parí rárá. Aró Baeyer wọ́n ju èyí tí àwọn àgbẹ̀ India ń fi ewé ṣe lọ, kò sì sí ẹni tí yóò san owó púpọ̀ fún àwọ̀ kan náà. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni ó tún gbà. Ní 1890, Karl Heumann tí ó wà ní Zürich rí ọ̀nà mìíràn, ṣùgbọ́n ìpele kan nínú ọ̀nà tí wọ́n gbà tẹ̀ lé e lọ́ra jù títí ọjọ́ tí ohun ìwọn-ìgbóná kan fọ́ sínú ohun tí ó ń hó, tí mẹ́kúrì inú rẹ̀ dà sílẹ̀, tí iṣẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí yá kánkán. Oríire ni, ṣùgbọ́n oríire tí ó bá ẹni tí ó ti ń ṣọ́nà. Ní 1897 ni BASF gbé aró náà jáde, lẹ́yìn tí ó ti ná mílíọ̀nù 18 owó máàkì oníwúrà sí i lórí. Ìhùmọ̀ jẹ́ ti 1880. Ọjà jẹ́ ti 1897. Kí ó tó di 1914, oko aró ilẹ̀ India ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ kò sì mọ orúkọ ẹni tí ó gba oúnjẹ lẹ́nu wọn.

Aró Jámánì yìí àti kọ́sítíìkì sódà ni ó wọ Abẹ́òkúta. Kí á lè mọ ohun tí wọ́n yí padà, ó yẹ kí á mọ ohun tí wọ́n bá nílẹ̀. Ewé èlú ni wọ́n ń gún, wọn a ṣù ú, wọn a sá a gbẹ. Igi ni wọ́n ń sun di eérú, eérú ni wọ́n ń sẹ́ omi rẹ̀, omi eérú ni wọ́n ń da lé èlú, wọn a sì fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kí ó kà. Ìyá tí ó mọ̀ ọ́n ṣe a gbóòórùn rẹ̀, a fi ahọ́n tọ́ ọ wò, a mọ ọjọ́ tí ó pé. Wọ́n ń bọ Ìyá Màpó nítorí rẹ̀, kò sì yani lẹ́nu, nítorí pé iṣẹ́ tí ó lè bàjẹ́ láìnídìí tí ojú rí ń fẹ́ ẹni tí a ó bẹ̀. Sódà mú eérú kúrò, ó mú ọjọ́ púpọ̀ kúrò, ó sì mú ahọ́n ìyá àgbà kúrò.

Ìdí nìyí tí ó fi tàn kálẹ̀ nígbà tí ọwọ́ ìdààmú tẹ ìlú. Láti 1929 ni òwò gbogbo àgbáyé ti dojú dé. Owó kòkó àti epo pupa já wálẹ̀, àwọn tí ń ra aṣọ kò rówó rà á mọ́, bẹ́ẹ̀ gbèsè tẹ́rù wà lọ́rùn àwọn aládìrẹ. Nígbà tí oníṣòwò kò lè gbé owó ọjà ga, iye tí ó ń ná sórí rẹ̀ ni yóò máa wá bí yóò ṣe dín. Sódà dín in kù. Ṣùgbọ́n ó ṣe ohun mìíràn tí kò sí ẹni tí ó rò tẹ́lẹ̀: ó ṣí ilẹ̀kùn iṣẹ́ náà sílẹ̀ gbayawu. Ẹni tí kò kọ́ aró rí lè ra sódà ní ṣọ́ọ̀bù lónìí kí ó sì pe ara rẹ̀ ní aláró lọ́la. Sódà tí ó pọ̀ jù a máa jẹ aṣọ. Aró tí kò rí àkókò tí ó tó a máa ṣí. Ìráhùn bẹ̀rẹ̀ sí dé láti ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà pé aṣọ ń ya, pé aró ń ṣá.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan gbogbo ìlú. Oníbàárà tí ó wà ní Senegal kò mọ orúkọ aláró kankan. Abẹ́òkúta ni ó mọ̀. Aṣọ burúkú kan tí ẹnì kan tà ba ti ẹgbẹ̀rún ẹlòmíràn jẹ́. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fòfin de sódà àti aró òyìnbó. Àwọn obìnrin aláró tí oúnjẹ wọn wà nínú rẹ̀ kò gbà. Wọ́n gba agbẹjọ́rò, ẹjọ́ náà dé iwájú ìjọba amúnisìn, ní 1936 sì ni ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó lé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ adìrẹ lórí.

Ó rọrùn fún ẹni tí ó bá ń ka ìtàn yìí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún láti gbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ kan, kí ó ní Aláké ń ṣọ́ orúkọ rere ìlú, tàbí kí ó ní ó ń fi àṣẹ dí ọgbọ́n àwọn obìnrin lọ́wọ́. Méjèèjì ní òótọ́ nínú. Ohun tí òfin náà kò rí ni pé àìsí òdiwọ̀n ni àrùn tí ń ṣe iṣẹ́ náà, kì í ṣe sódà. Sódà kan náà wà ní ilé-iṣẹ́ Jámánì, kò sì jẹ aṣọ ẹnikẹ́ni, nítorí pé ibẹ̀ wọn iye rẹ̀, wọ́n sì ka ìṣẹ́jú rẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, ahọ́n ìyá àgbà ni òdiwọ̀n nígbà eérú. Sódà lé ahọ́n náà kúrò, ẹnikẹ́ni kò sì fi nǹkan mìíràn dípò. Ọ̀nà ìṣe tuntun wọlé, ọ̀nà tí a ó fi mọ rere yàtọ̀ sí búburú kò bá a wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni ewu tí ó ti wà lọ́rùn ẹni tí ń ṣe ọjà ṣe rọra bọ́ sí ọrùn ẹni tí ń rà á. A kò rí i kà tó nínú àwọn ìwé lórí ọjà tuntun, tí wọ́n máa ń ka àwọn èrè rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ tí wọ́n sì máa ń gbàgbé láti béèrè ẹni tí yóò gbé àdánù.

Sódà kò kúrò nínú iṣẹ́ aró, òfin ìbá dé òfin ìbá lọ. Nígbà tí ó di apá ìparí àwọn ọdún 1960, òun náà ni ó gbé adìrẹ dìde lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn aṣọ òyìnbó aláràbarà ti kún ìgboro nígbà náà, aláwọ̀ kan ṣoṣo ti di aṣọ ìyá àgbà lójú àwọn ọ̀dọ́. Kàm̀pálà ni wọ́n fi dáhùn. Dípò ẹ̀kọ, àbẹ́là tí a yọ́ ni wọ́n ń fi ya ọnà. Dípò aró nìkan, àwọ̀ ewé, àwọ̀ osùn, àwọ̀ obì, gbogbo èyí tí sódà àti háídírò lè mú wọ inú òwú. Àwọn kan sọ pé orúkọ náà wá láti inú ìpàdé àlàáfíà tí wọ́n ṣe ní ìlú Kampala ní 1968, nígbà ogun abẹ́lé. Ẹni tí ń lò ó pẹ̀lú yí padà. Ìró obìnrin ni adìrẹ jẹ́ tẹ́lẹ̀. Kàm̀pálà di bùbá ọkùnrin, ó di aṣọ àwọn olùkọ́ ifásitì, ó di aṣọ ọmọge. Ọjà tí ó ti ń kú lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n lò rí ìyè lọ́wọ́ àwọn tí kò lò ó rí. Níke Òkúndayé sì gbé e tẹ̀síwájú ní Òṣogbo, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ẹlẹ́kọ àti onípáànù láìgba owó lọ́wọ́ wọn, kí ọgbọ́n àtijọ́ má baà bá àwọn àgbà lọ.

Ìjà tí ó wà nílẹ̀ lónìí kì í ṣe ti sódà mọ́. Ilé-iṣẹ́ ní òkèèrè, ní ilẹ̀ China pàápàá, ń fi ẹ̀rọ tẹ ọnà adìrẹ sórí aṣọ, wọ́n ń kó o wá, wọ́n ń tà á ní iye tí aládìrẹ kò lè bá dù, ó sì ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ojúlówó lórí àtẹ kan náà. Ó ṣòro láti bínú sí ẹni tí ó rà á. Aṣọ ni ó fẹ́, ojú rẹ̀ sì jọra. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò dì, kò sì rẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀, kí ó yí aṣọ náà padà. Èyí tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ṣá ju iwájú lọ, nítorí pé ojú kan ni àwọ̀ gbé jókòó. Ti oníko, ẹ̀yìn àti iwájú fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ti ẹlẹ́kọ, tí ó jẹ́ ojú kan ṣoṣo ni ẹ̀kọ bò, ìdàkejì ni: iwájú ni ọnà wà, ẹ̀yìn a sì dúdú minimini, nítorí pé aró rí ọ̀nà gbà ní ẹ̀yìn.